Àgbo Kì Í Ṣe Ọtí

Kánún ni. Inspẹ́kítọ̀ Hamzah fọ́ ọ láàárín ìka méjì, ó fi díẹ̀ kan ahọ́n, ó sì tutọ́ sínú agolo ìdọ̀tí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì DPO.

DPO sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ fi ẹnu kàn án? Májèlé tí a bá nínú báàgì ọmọ ọ̀dọ̀ ọ̀daràn yẹn?"

"Kánún tí wọ́n fi ń se ẹ̀wà ni, sà. Ó kún ọjà Ìpàtà bí iyẹ̀pẹ̀. Ẹni tó bá ti dáná rí mọ̀ ọ́n."

"Èmi kì í dáná."

"Ó hàn, sà."

DPO wò ó bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ojú Hamzah le gbagidi, bó ṣe máa ń rí láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Kì í pariwo mọ́, kì í sì í bú ènìyàn. Bí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ níwájú rẹ̀, ńṣe ló kàn máa ń wo onítọ̀hún bí ẹni tó ń wo eṣinṣin tó bọ́ sínú omi mímu.

Ẹjọ́ náà kò ta kókó kankan lójú DPO. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, nílé Díákónì Jídé Oyèníran ní Tanke, wọ́n ti ìsìn dé, wọ́n jẹ iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Díákónì, ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì, jẹ nínú rẹ̀. Modúpẹ́ ìyàwó rẹ̀ jẹ nínú rẹ̀. Alàgbà Ọláitan, ọ̀rẹ́ Díákónì láti kékeré ní Òmù-Àrán, jẹ nínú rẹ̀; ìyàwó tirẹ̀ rin ìrìn-àjò, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹun láti bí ọ̀sẹ̀ kan. Rahama, ọmọbìnrin tó ń bá wọn dáná, jẹ tirẹ̀ ní kíṣìnì. Lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn ọkùnrin méjèèjì jáde lọ na ẹsẹ̀. Nígbà tí Díákónì máa fi padà dé, ẹnu géètì ló ṣubú sí. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, ó ń bì, àyà rẹ̀ ń lù kìkì bí ẹni pé ó fẹ́ já bọ́. Díẹ̀ ló kù kó kú. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, gbogbo àdúgbò ti pé síta, Modúpẹ́ sì ti nàka sí Rahama lójú wọn pé, "Ọmọ yìí ti fún un ní májèlé jẹ."

"Ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ti jẹ," ni DPO wí. "Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣubú. Èyí já sí pé inú àwo rẹ̀ ni májèlé wà. Ta ló bu oúnjẹ sáwo? Rahama. Ta ni ọ̀gá rẹ̀ bú láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ó jó aṣọ òun? Rahama. Lọ́la, kóòtù."

"Wọ́n yẹ àwo náà wò, sà. Wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀."

"Ó gbọ́n ni. Ó ti nù ún."

Hamzah dìde, ó lọ sí àtìmọ́lé.

Rahama jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, ó fi ìjáàbù rẹ̀ bo orúnkún. Ọmọ Òkè-Oyi ni. Kò sunkún, ó jọ pé ó ti sun ún tán.

"Ìsoyìgì mi kù díẹ̀, Ọ̀gá," ló kọ́kọ́ sọ. "Ilé ọkọ mi ti ránṣẹ́ sí màmá mi. Wọ́n ní tí kóòtù bá ti pe orúkọ mi, kí n má wulẹ̀ yọjú sí àwọn mọ́. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ olóró sílé."

"Báwo lo ṣe bu oúnjẹ lọ́jọ́ Àìkú?"

"Bí mo ṣe máa ń bù ú. Dádì kì í jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá bù pamọ́ dè wọ́n. Wọ́n ní ọ̀tá pọ̀. Ojú wọn ni mo ti máa ń bu ti gbogbo ènìyàn láti inú ìkòkò kan, àwọn ni wọ́n á sì kọ́kọ́ mú àwo tó bá wù wọ́n."

Hamzah dúró. "Òun ló mú àwo tó wù ú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O ò wá lè mọ àwo tó máa mú."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ọ́n?"

"Ṣé o sọ èyí fún DPO?"

"Wọn ò bi mí."

Hamzah yínmú. Odindi ẹjọ́ ìgbìyànjú ìpànìyàn ni wọ́n kọ́ lé orí àwo, kò sì sí ẹni tó bèèrè ta ló yan àwo. "Yàtọ̀ sí ìwọ, ta tún ni ọwọ́ rẹ̀ ń kan ìkòkò?"

"Mọ́mì. Wọ́n máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn fúnra wọn ló ń rò ó kẹ́yìn kí n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

*

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Tanke ni Díákónì wà. Ó ti ń jókòó, ó fi ìrọ̀rí méjì ti ẹ̀yìn bí ọba. Modúpẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bó ọsàn.

"Ibo lẹ lọ lẹ́yìn oúnjẹ, sà?"

"A na ẹsẹ̀, èmi àti Alàgbà."

"Ẹ jẹ nǹkan kan lọ́nà?"

"Rárá."

"Ẹ mu nǹkan kan?"

"Kí ni mo fẹ́ mu?"

"Ọtí, bóyá."

Díákónì gbé ẹ̀yìn kúrò lórí ìrọ̀rí. "Ọ̀gbẹ́ni ọlọ́pàá, mo fi orúkọ Ọlọ́run búra, ọtí kò kan ẹnu mi láti ìgbà tí mo ti di àtúnbí. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa nípa rẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni."

Hamzah wo Modúpẹ́. Ọ̀bẹ ti dúró lára ọsàn. Obìnrin náà kò gbé ojú sókè, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyàwó wo ni wọ́n máa bi ọkọ rẹ̀ léèrè bóyá ó ń mutí, nínú ìjọ tí wọ́n ti kà á léèwọ̀, tí kò ní bínú?

"Ẹ tọ́jú ọmọ yẹn dáadáa fún mi," ni Díákónì wí, ó tún padà sùn ti ìrọ̀rí. "Kí wọ́n fi kọ́ àwọn yòókù lọ́gbọ́n."

"A ń tọ́jú rẹ̀, sà," ni Hamzah wí.

Ó gba ilé Alàgbà Ọláitan lọ. Ẹní kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wà lórí okùn níta, èébì kò sì tíì kúrò létí rẹ̀ tán. Alàgbà fúnra rẹ̀ jókòó sí pálọ̀, ojú rẹ̀ jìn wọnú.

"Ta ló bì, sà?"

"Ibà. Ibà lásán ni."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́ Àìkú."

"Kí ẹ tó na ẹsẹ̀ ni àbí lẹ́yìn tí ẹ nà án?"

Alàgbà húkọ́. "Lẹ́yìn rẹ̀."

"Ojú yín pọ́n, àyà yín ń lù, ẹ sì ń bì. Ohun tó ṣe ọ̀rẹ́ yín gan-an. Ẹ gbọ́ pé wọ́n ti mú ẹnì kan pé ó fi májèlé sínú àwo Díákónì nìkan, ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yin náà ṣubú. Ẹ wá dákẹ́."

"Mo ní ibà ni."

"Kí lẹ lò sí ibà náà?"

"Àgbo. Kí n tó délé ni mo ti mu àgbo. A jọ mu ún, torí ara ríro." Ohùn rẹ̀ le díẹ̀. "Àgbo kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ewé ni, egbò ni. Àwọn bàbá wa mu ún."

"Kí ni wọ́n fi rẹ ẹ́?"

Alàgbà wo ilẹ̀.

"Wọ́n lè fi omi rẹ àgbo, sà. Wọ́n lè fi omidùn rẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mu ún, kí ni wọ́n fi rẹ ẹ́?"

"Mi ò bi ẹni tó tà á."

"Imú yín ńkọ́, ẹ ò bi í?"

Hamzah wò ó títí ọkùnrin àgbà náà fi fa etí agbádá rẹ̀ bo ẹsẹ̀ bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ ibi tí wọ́n ti mu ún.

*

Ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń gbé ọmọ ilé ìwé lọ sí ọgbà yunifásítì ni Lami alágbo tẹ́ igbá sí. Bó ṣe gbọ́ orúkọ àwọn tí wọ́n ń bèèrè, ó rẹ́rìn-ín.

"Àwọn bàbá oníwàásù? Oníbàárà mi ti Sọ́ńdè ni wọ́n. Wọ́n á ti ìsìn dé, wọ́n á jẹun yó, wọ́n á wá gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yọ bí ẹni tó jí adìyẹ."

"Kí lo fi ń rẹ àgbo wọn? Omi?"

"Omi kẹ̀? Ògógóró ni. Tó bá jẹ́ omi, ṣé àárín oòrùn yẹn ni wọ́n máa fi ẹsẹ̀ rìn wá bá mi? Omi wà nílé wọn."

"Ta ló tún mu nínú ìgò yẹn lọ́jọ́ Àìkú?"

"Èmi fúnra mi. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ wọ̀nyí náà. Ẹ wò wọ́n, ṣé ó jọ pé nǹkan kan ṣe wọ́n ni? Ẹni tí nǹkan ń ṣe kì í gba owó ọkọ̀ gọbọi lọ́wọ́ ènìyàn báyẹn."

Fóònù Hamzah dún. DPO ni. Hamzah ròyìn fún un.

"Ó parí nìyẹn," ni DPO wí. "Àgbo rẹ̀ ló lóró. Ẹ mú alágbo."

"Òun náà mu nínú rẹ̀, sà. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ mu nínú rẹ̀. Gbogbo wọn wà lórí ìdúró."

"Ẹ jẹ́ kó ṣì jẹ́ Rahama nígbà náà."

"Rahama àti Modúpẹ́ jẹ ọbẹ̀, sà. Ohunkóhun kò ṣe wọ́n."

"Inspẹ́kítọ̀, tí kì í bá ṣe ọbẹ̀, tí kì í sì í ṣe àgbo, kí ló kù? Àjẹ́?"

"Àwọn tó jẹ ọbẹ̀ nìkan, ara wọn le. Àwọn tó mu àgbo nìkan, ara wọn le. Ẹni méjì péré ló jẹ ọbẹ̀ tí wọ́n tún mu àgbo. Àwọn méjèèjì ló ṣubú."

"Kò yé mi."

"Mo mọ̀, sà," ni Hamzah wí, ó sì pa fóònù náà.

*

Dókítà Ummu-Kulthum tó ń tọ́jú Díákónì ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdá sí i.

"Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í nìyẹn," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo ní, 'Bàbá, ṣé ẹ mu ọtí?' Ó ní kí n gbé Bíbélì wá kí òun fi búra. Mo wá ń wá àìsàn ọkàn kiri." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ mọ bí ara ṣe ń palẹ̀ ọtí mọ́?"

"Ẹ sọ fún mi."

"Gbogbo ohun tí a bá gbé mì ló ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tú u nínú ara, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ohun tí ara lè lò tàbí ohun tí ara lè dà nù. Ẹ́ńsáìmù là ń pè wọ́n. Iṣẹ́ ẹnì kan kì í ṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn. Tó bá ṣe ọ̀kan tán, á mú òmíràn. Iṣẹ́ ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í bá iṣẹ́ lọ."

"Bí àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí ní Òkè-Oyi. Ẹni tó ń rin ẹ̀gẹ́ kì í yan án."

"Gààrí yẹn gan-an ni ká mú. Ọtí dé inú ẹ̀dọ̀, òṣìṣẹ́ kìíní rin ín. Ohun tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ burú ju ọtí lọ, bí ẹ̀gẹ́ tútù tí oró rẹ̀ kò tíì jáde. Kò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Òṣìṣẹ́ kejì á yára gbà á, á fún un, á yan án, á sọ ọ́ di ohun kíkan kan tí kò lè pa ènìyàn lára. Ẹ wá de ẹni kejì yìí lọ́wọ́."

"Tí ìkíní sì ń rin ín lọ."

"Ó ń rin ín lọ, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Ẹ̀gẹ́ tútù kún àgbàlá. Ojú á pọ́n, orí á máa fọ́, ènìyàn á máa bì, àyà á máa lù. Tí ọkàn onítọ̀hún kò bá lágbára, ó lè kú."

"Kí ló lè dè é lọ́wọ́?"

"Oògùn kan wà tí a máa ń fún ọ̀mùtí tó fẹ́ jáwọ́. Òun fúnra rẹ̀ á mọ̀, á gbà láti lò ó, a ó sì ti kìlọ̀ fún un. Oògùn náà á jókòó sí ojú ibi tí òṣìṣẹ́ kejì fi ń gba iṣẹ́, á lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè. Kì í ṣí mọ́. Àfi kí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ dá òṣìṣẹ́ mìíràn, ìyẹn sì lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì."

"Ẹni tí kò mutí, tó wá jẹ oògùn náà ńkọ́?"

"Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní mọ̀ pé òun jẹ nǹkan kan."

Hamzah gbọ́wọ́ lé tábìlì. Gbogbo rẹ̀ ti tò. Ẹni tó fi oògùn yìí sínú ìkòkò kò bẹ̀rù pé kí òun náà jẹ ẹ́, kò sì bẹ̀rù pé kí Rahama jẹ ẹ́. Ó mọ̀ pé ọkùnrin tó ń fi Bíbélì búra yìí ń mutí. Ó sì ń ro ọbẹ̀ kẹ́yìn. Hamzah sọ ọ́ jáde.

"Kò sí ẹ̀rí," ni dókítà wí. "Tí ìyàwó rẹ̀ bá sẹ́, ó sẹ́ náà nìyẹn. Tí a bá ní ká máa wá oògùn náà nínú ẹ̀jẹ̀, ọmọ yẹn á ti dé kóòtù."

"Ẹnu nìkan ni wọ́n lè fi sẹ́," ni Hamzah wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dé yàrá Díákónì."

Kó tó kúrò lọ́dọ̀ Lami, ó ti ní kó fi omi lásán rẹ ewé àti egbò sínú ìgò kan kí òun fi dán Díákónì wò, irú ìgò tó máa ń lò fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Wọ́n wọlé. Hamzah kò kí ẹnikẹ́ni. Ó da àgbo náà sí kọ́ọ̀bù, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n dúdú, ó sì nà án sí ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Lami kí yín, sà. Ó ní kí ẹ fi èyí lé ara ríro lọ."

Ọwọ́ Díákónì ti na jáde kí ẹnu rẹ̀ tó rántí pé òun kò mọ Lami. Ó gba kọ́ọ̀bù. Ó gbé e sókè.

Modúpẹ́ fò dìde, ọsàn fọ́n ká ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá kọ́ọ̀bù náà, ó dà sára aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ má fún un! Kò tíì kúrò lára rẹ̀."

Àgbo ń kán sílẹ̀.

"Kí ni kò tíì kúrò lára wọn, mà?" ni Hamzah bèèrè.

Modúpẹ́ wo dókítà, ó wo ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló jókòó.

"Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń gbóòórùn rẹ̀," ló wí. "Á wàásù láàárọ̀, á padà dé lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹnu yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní àgbo ni. Àbúrò mi bá mi wá oògùn náà ní Ìbàdàn. Ó ní á kàn bì díẹ̀, á sì kórìíra rẹ̀. Mi ò fẹ́ pa á. Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò fẹ́ pa á."

"Mo gbà. Ẹ rí i tó ṣubú, ẹ sì mọ ohun tó gbé e ṣubú. Ẹ wá nàka sí Rahama."

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ti Rahama ńkọ́? Ẹ̀rù kò lè ba òun?"

Díákónì ti ń wo ìyàwó rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Nígbà tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Hamzah rò pé ó máa bèèrè ibi tí ọmọ náà wà.

"Inspẹ́kítọ̀," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "kí èyí má dé etí ìjọ o. Ẹ jọ̀wọ́. Mi ò puró fún yín. Àgbo kì í ṣe ọtí."

"Ẹ̀dọ̀ yín kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà," ni Hamzah wí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

*

DPO fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀. Ó ní kí Modúpẹ́ kọ ohun tó ṣe sílẹ̀ kó máa retí kóòtù, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Rahama, kó gba ẹ̀yìn bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ kó máa lọ sílé. Wọ́n ṣílẹ̀kùn lóòótọ́. Rahama kò dìde.

"O ti lómìnira," ni DPO wí. "Kí lo tún ń dúró dè?"

"Mọ́mì kò fi ìwé nàka sí mi, sà," ni Rahama dáhùn. "Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́, lẹ́nu géètì, lójú gbogbo Tanke. Ẹnu náà ni kí wọ́n fi dá a padà. Ilé ọkọ mi kò ní ka ìwé yín."

DPO yíjú sí Hamzah pé kó bá òun bá a wí. Hamzah mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì ilé Oyèníran. Àwọn tó pé lọ́jọ́ Àìkú tún ti pé: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ilé tó kọjú sí wọn, obìnrin tó ń din àkàrà, àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó pa ẹ́ńjìnnì láti gbọ́. Màmá Rahama gun ọ̀kadà dé láti Òkè-Oyi, ẹ̀gbọ́n àfẹ́sọ́nà Rahama wà pẹ̀lú rẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán, kò kí ẹnikẹ́ni.

Modúpẹ́ dúró sáàárín wọn. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ irú èyí tí wọ́n máa ń rín nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìkéde nínú ìjọ.

"Ẹ̀yin ará àdúgbò wa, ẹ káàbọ̀. Àṣìṣe kékeré kan ló wáyé nínú ilé wa lọ́jọ́ Àìkú—"

"Rárá, Mọ́mì," ni Rahama wí. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọbẹ̀."

Modúpẹ́ wo Hamzah bóyá ó máa gbà á sílẹ̀. Hamzah ń wo ojú títì.

Modúpẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọbẹ̀.